Ọkọ̀ Oníjíà Ọwọ́ ní Etíkun Fáránsé

Ní ilé wa lọ́hùn-ún, ìdájí ni ẹni tó ń rìnrìn-àjò máa ń gbéra, kí oòrùn tó mọ̀ pé ó ti lọ. Ọ̀nà Fáránsé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa máa ń gbéra, bí olè. Síbẹ̀ mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Cheverly, ìlú tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà, mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo jókòó ti àpótí mi nínú pálọ̀, mo ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tí Bísọ́lá ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó bi mí pé ṣé mo ti ń lọ ni. Mo ní mo ti lọ, ara mi ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi jáde, kí ẹ̀yin èèyàn mi nílé má baà rò pé owó ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà níhìn-ín, àti edé, ata gígún, èlùbọ́. N kò ní ṣọ́ọ̀bù. Búùtù ọkọ̀ mi ni ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni mò ń gbé ọjà lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ní Camp Springs, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kó ara wọn jọ háyà ilé ní Seat Pleasant. Ní Maryland yìí, ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ lọ́wọ́, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló máa jókòó sí títí ẹnìkan yóò fi ráyè wá gbé e.

Nígbà tí ooru ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ti Camp Springs ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Garawa ìdọ̀tí aládùúgbò wa, èyí tí wọ́n máa ń gbé sétí títì kí wọ́n wá kó o, bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ mi, mo sì wọ́ ọ dé ẹnu ilé wa kí n tó gbọ́ ariwo. Mo ní garawa náà ló jáde sójú ọ̀nà. Bísọ́lá ní garawa kì í rìn. Ó ní garawa ni lónìí, ó lè jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́la. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó lọ fi í pamọ́, ó ní ọdún mi ti tó kí n sinmi. Èmi tí kò tíì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, “hùn-ún” ni mò ń dá a lóhùn. Àwọn oníbàárà mi ń pè, mò ń sọ fún wọn pé ọjà kò tíì dé.

Ìyẹn ló mú un ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ní a óò háyà ọkọ̀, a óò rin àwọn ìlú àtijọ́ Fáránsé títí dé etíkun. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mi pamọ́ tán, ó wá fẹ́ fi odidi òkun bẹ̀ mí. Mo gbà. Fáránsé ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, nítorí pikọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìbàdàn nígbà tí ara mi le, ọkọ̀ Fáránsé ni, èyí tó ní kìnnìún níwájú tí gbogbo yín mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu: n kò ní padà sí Cheverly láìgba kọ́kọ́rọ́ mi. Bí màá ṣe gbà á ni n kò tíì mọ̀.

Ilẹ̀ ti mọ́ ní Paris nígbà tí a balẹ̀. Àárọ̀ tiwọn ni òru tiwa, ara mi kò mọ èyí tí yóò ṣe. Bísọ́lá lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì níbi tí wọ́n ti ń háyà ọkọ̀. Ọkùnrin náà na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ojú ọmọ mi yí padà. Ó tún bi í léèrè. Ọkùnrin náà gbé èjìká sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ máa rí èjìká yẹn káàkiri Fáránsé. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ mi tó dàgbà sí Maryland ti háyà ọkọ̀ lórí fóònù, ó mú èyí tó dínwó jù, kò sì bèèrè bí jíà rẹ̀ ṣe rí. Ta ló ń bèèrè ní Amẹ́ríkà? Gbogbo ọkọ̀ wọn ló ń yí jíà fúnra rẹ̀, èèyàn a kàn jókòó, bí ẹni wọ lífìtì. Ní Fáránsé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, àwọn díẹ̀ tó ń yí i fúnra wọn sì ti tán nílẹ̀. Bísọ́lá kò wa ọkọ̀ oníjíà ọwọ́ rí. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ní iṣẹ́ nínú ọkọ̀. Ó ní ká lọ wọ rélùwéè, ó ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Mo na ọwọ́ mi síwájú rẹ̀.

“Kí lẹ fẹ́, Mọ́mì?”

“Kọ́kọ́rọ́.”

Ó wò mí bí ẹni wo aláìsàn tó fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rán an létí pé láìsẹ̀nsì mi wà nínú báàgì mi, kọ́kọ́rọ́ ló gbà, kò gba ìyẹn. Mo wá sọ májẹ̀mú mi fún un níbẹ̀, ní iwájú onítáì: tí mo bá wa ọkọ̀ yìí lọ, tí mo wà á bọ̀, tí n kò sì fi kan ohunkóhun, kọ́kọ́rọ́ mi ti Maryland yóò padà sọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí a bá délé, kò sí àríyànjiyàn.

“Ohunkóhun, Mọ́mì. Garawa náà wà níbẹ̀.”

“Garawa náà wà níbẹ̀.”

Ó gbà. Kì í ṣe pé ó fọkàn tán mi, ó ti sanwó ilé tí a máa sùn sí létíkun ni, wọn kì í sì í dá a padà.

Kékeré ni ọkọ̀ náà, ó rí bíi bàtà. Mo lọ wo iwájú rẹ̀, kìnnìún wà níbẹ̀. Mo kí i. Jíà pikọ́ọ̀pù mi àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ sítíárìn ló wà. Ti èyí wà nílẹ̀ láàárín èmi àti Bísọ́lá. Ọkọ̀ náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì ká tó jáde, Bísọ́lá di bẹ́líìtì rẹ̀ mú bí ẹni tó di okùn kànga mú. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ òsì mi rántí. Ó rántí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ àti gbogbo kòtò rẹ̀. Títì Fáránsé kò ní kòtò kankan, ó sì dùn mí díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó máa rí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n ní tóògéètì púpọ̀. “Péage” ni wọ́n ń pè é, ẹ pè é bíi pé-yàájì. Kò sí èèyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ ni, kò sì sí ẹni tí ẹ máa bẹ̀. Eré tí wọ́n ń sá, kìlómítà ni wọ́n ń fi kà á bíi tiwa nílé, kì í ṣe máìlì. Bísọ́lá rí àádóje lójú aago, ó pariwo. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó lọ bi àwọn tó ṣe títì náà, àwọn ló kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Rouen la kọ́kọ́ dúró sí. Bí wọ́n ṣe ń pè é, àfi bíi pé èèyàn fẹ́ tutọ́, ó wá yí ọkàn padà. Ìlú àtijọ́ ni lóòótọ́. Igi ni wọ́n fi ṣe egungun ilé wọn, wọ́n wá fi amọ̀ àti ẹfun dí àárín rẹ̀. Àwọn ilé náà ti tẹ̀, òmíràn fara ti èkejì bí àwọn ọ̀mùtí méjì tó ń darí sílé, wọn kò sì wó láti ayé baba ńlá wọn. Tí ilé bá tẹ̀ báyìí ní Ìbàdàn, ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kùn ún. Aago ńlá kan wà lórí ẹnu ọ̀nà láàárín ìlú, wúrà ni wọ́n fi kùn ún, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Wákàtí ló ń sọ, ìṣẹ́jú kò kàn án. Mo ní kí Bísọ́lá ya fọ́tò rẹ̀ fi han ọ̀gá rẹ̀ ní ọsibítù.

Ibẹ̀ náà la ti ra búrẹ́dì. Bísọ́lá wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ méjì. Obìnrin tó ń tà á wò ó bí ẹni tó ń wo ògiri. Ó ní “Bonjour,” ó pẹ́ lórí rẹ̀, bí ìyá ìyàwó tí wọn kò kí. Èmi súnmọ́ iwájú, mo tẹrí díẹ̀, mo ní “Bonjour, madame.” Bó ṣe túra ká nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi bébà wé e fún mi. Yúrò kan lé díẹ̀ ni ọ̀kan, “baguette” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ọ̀pá, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn yìí kò lè tajà fún ẹni tí kò kí wọn. Mo sọ fún ọmọ mi pé Maryland ló bà á jẹ́, pé tó bá dé ilé ìyá mi láìkí wọn, wọn kò ní fún un ní omi.

Láti Rouen a lọ sí Honfleur, létí omi níbi tí odò ti wọ òkun. Ilé ibẹ̀ ga, ó tín-ín-rín, wọ́n tò ó yí èbúté ká bí ìwé lórí pẹpẹ. A sùn síbẹ̀, ilẹ̀ mọ́, a bọ́ sọ́jà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà láàárín ọjà náà, igi ni gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló kọ́ ọ láyé àtijọ́. Mo gbójú sókè nínú rẹ̀, mo rí i pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ọkọ̀ ojú omi náà ni wọ́n ṣe, wọ́n kàn dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn wọn.

Mo rí ẹlẹ́ja. Ẹ ò retí kí n kọjá. Ó ní ẹja tí wọ́n yan, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan wò, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yíjú. Bísọ́lá ní ó ní wọn kì í fọwọ́ kan ọjà. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bó bá gbẹ? Ó bù díẹ̀ fún mi tọ́ wò, kó lè parí ìjà. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó rọ̀, bíi pé wọ́n kàn ròyìn èéfín fún un. Ẹja tèmi lè ti Ẹ̀pẹ́ dé Maryland kó tún padà, kò ní bàjẹ́. Mo sọ ìyẹn fún un ní Yorùbá. Ó gbé èjìká sókè.

Ọ̀nà tó kù lọ sí ilé tí a ti sanwó rẹ̀ gùn, ó sì yẹ ká gbéra lọ́sàn-án. Bísọ́lá ló ń ya fọ́tò. Ó ya ilé, ó ya omi, ó ya mí tí mo dúró ti ilé, ó ya mí tí mo dúró ti omi. Oòrùn ti yí ká tó kúrò. Inú oṣù tí ewé ń pọ́n ni, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Mo wa ọkọ̀ náà dáadáa, mo ń kọrin, mo ti ń ro bí màá ṣe to ẹja sí búùtù lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Nígbà tí a kúrò lójú títì ńlá, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ tan iná. Iná kọ̀ọ̀kan fọ́n ká lójú mi bí ẹni fọ́n gaàrí, ó wá tàn kálẹ̀, n kò rí etí ọ̀nà mọ́. Mo bú àwọn ọlọ́kọ̀ náà, bí mo ṣe ń bú ti Maryland. Ráńdábáòtù sì pọ̀ ní Fáránsé, wọ́n gbin òdòdó sí àárín rẹ̀ bíi pé ibojì ọba ni. Bísọ́lá ní, “Mọ́mì, ọ̀tún. Mọ́mì, ọ̀tún!” N kò rí ọ̀tún kankan. Ọkọ̀ wa gun àárín ráńdábáòtù náà, ó gba inú òdòdó kọjá, ó bọ́ sílẹ̀ ní òdìkejì, mo tẹ búréèkì, ó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko.

Ohunkóhun kò ṣe wá. Mo ń dúró kó sọ̀rọ̀ garawa.

Kò sọ ọ́. Ó ní kí n kọjú sí òun, ó tan iná fóònù sí mi lójú, òsì, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Ohùn tó fi bá mi sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé. Ohùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni.

“Kí lẹ rí nígbà tí ọkọ̀ yẹn ń bọ̀, Mọ́mì?”

“Iná.”

“Iná mélòó?”

“Kan ni. Ó di ogún.”

“Ṣé bó ṣe ń rí nìyẹn ní Maryland?”

“Ṣé kì í ṣe bó ṣe ń rí lójú tìrẹ náà nìyẹn?”

Ó pa iná fóònù. Ó ṣàlàyé pé awọ kan ló ń wú funfun nínú ẹyin ojú mi, pé ó ń ṣe àgbàlagbà púpọ̀, pé lọ́sàn-án èèyàn lè má mọ̀, àfi tílẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí iná bá wá kojú rẹ̀. Ó ní wọ́n ń ṣe é, kì í pẹ́, wọ́n á yọ ọ́. Èmi ń ronú nípa gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ tí mo ti bú láti ìgbà ooru, àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n kàn tan iná wọn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín ara mi pa mí.

Ilé náà kò jìnnà mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè wa ọkọ̀ náà. Bísọ́lá tan àwọn iná tó ń ṣẹ́jú, ó yọ orí síta lójú fèrèsé, ó wá di ojú fún mi. Ó ń pè é fún mi bí ẹni tó ń tọ́ afọ́jú sọ́nà: òsì díẹ̀, tọ́ lọ, dúró. Mo fi jíà àkọ́kọ́ wọ́ ọ dé iwájú ilé Madame Yvette, ẹni tó ni ilé tí a ti sanwó rẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin kan ni, ó gbé iná jáde, ó wo ojú àwa méjèèjì, kò bèèrè nǹkan kan, ọbẹ̀ ló lọ gbé ka iná.

Irú ilé yẹn, “chambre d'hôtes” ni wọ́n ń pè é: onílé a fún ọ ní yàrá nínú ilé tirẹ̀, a sì ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún ọ. Láàárọ̀, mo ṣí fèrèsé, mo sì rí òkè náà, Mont Saint-Michel. Òkè kan ṣoṣo nínú iyanrìn gbalaja, ìlú sì wà lórí rẹ̀, ilé gun ilé, ṣọ́ọ̀ṣì gun gbogbo wọn, ṣóńṣó rẹ̀ wọ inú ojú ọ̀run. Omi òkun ti lọ. Mo wò, n kò rí i. Bísọ́lá fi fóònù túmọ̀ ohun tí Madame Yvette sọ, pé òkun ibẹ̀ máa ń kúrò tí èèyàn kò ní mọ ibi tó lọ, yóò sì padà dé tí ẹsẹ̀ èèyàn kò lè sá fún un. Ó fi àgùntàn hàn mí tí ń jẹ koríko tí omi òkun ti bò, ó ní ẹran wọn dùn. Àgùntàn tó ti fi iyọ̀ sí ara rẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Mo ní ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí.

A gun òkè náà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, ẹyin díndín ibẹ̀ sì wọ́n ju adìyẹ tó yé e lọ. Díẹ̀ ni mo rí níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ọkàn mi kò sí lórí òkè. Bísọ́lá kò tíì sọ ohun tó máa ṣe nípa májẹ̀mú wa. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, mo bi í.

Ó ní ká délé ná. Ó ní ká pe iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ kí wọ́n wá gbé e, ká wọ bọ́ọ̀sì padà sí Paris, kò sí nǹkan tó burú ńbẹ̀.

Mo ti pinnu kó tó dákẹ́. Mo ní a wá wo etíkun, etíkun ṣì kù. Mo ní lọ́sàn-án èmi ni màá wa ọkọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, òun ni yóò wà á.

“Mọ́mì, n kò mọ̀ ọ́n wà.”

“Mo gbọ́. Wọlé.”

Pápá ìgbọ́kọ̀sí kan wà lẹ́yìn abúlé náà, tó jẹ́ pé àwọn tó ń wá lásìkò ooru ló ń lò ó. Ó ṣófo, àfi ẹyẹ òkun. Mo jókòó síbi tí Bísọ́lá ti ń jókòó, òun jókòó síbi tèmi. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ klọ́ọ̀ṣì délẹ̀, kó fi jíà sí àkọ́kọ́, kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún fún un ní tọ́tù díẹ̀, kó wá máa tú klọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tú u sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ náà fò sókè bí ewúrẹ́, ó kú. Ó tún ṣe é, ó tún kú. Ọmọ tó ń wá iṣan lápá ọmọ ọwọ́ láìṣì í, ó ń bá klọ́ọ̀ṣì jà.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín, Mọ́mì.”

“N kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.”

“Báwo lẹ ṣe kọ́ ọ?”

Mo sọ fún un pé dírẹ́bà mi kò wá lọ́jọ́ kan, ẹja sì ti wà lórí pikọ́ọ̀pù, oòrùn ń yọ. Ẹja kò ní dúró dè mí. Mo wà á ní jíà kejì láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó mọ ibi tí ẹ̀kẹta wà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà garawa, a kò tíì jọ rẹ́rìn-ín pọ̀.

Mo wá sọ fún un pé kó yé wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó gbọ́ ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gbà, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀, ara rẹ̀ a gbọ̀n díẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti dá ẹsẹ̀ dúró. Ó dijú. Mo ní kó lajú, mo ní gbọ́ ni mo wí. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó lọ yí pápá náà po, àwọn ẹyẹ ń sá fún wa, ó ń ké “Mọ́mì, ó ń lọ, ó ń lọ,” bí ìgbà tó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo wa ọkọ̀ dé Cancale, ìlú kan létí òkun tí kò ní iṣẹ́ méjì. Ẹran kan wà nínú ìkarahun líle tí wọ́n ń kó nínú òkun, “huître” ni wọ́n ń pè é, ẹ pè é bíi wítìrì, òun ni gbogbo wọn ń tà. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á ju ìkarahun sí etí òkun níbẹ̀. Àwo kan tó gba méjìlá jẹ́ yúrò mẹ́jọ. Mo ka tiwa, mo bá mẹ́tàlá. Mo rò pé obìnrin náà ṣì í kà, mo fẹ́ dá ọ̀kan padà fún un, ó ju ọwọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Èènì ni. Ẹ gbọ́, wọ́n ń fi èènì sí i ní Fáránsé. Gbogbo ọdún tí mo ti lò ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó fi èènì sí nǹkan fún mi rí, àfi owó orí. Mo di ọwọ́ obìnrin náà mú, mo gbọ̀n ọ́n. N kò jẹ ẹran náà o. Mo rí ọ̀kan tó mira nígbà tí wọ́n fún ọsàn sí i. Bísọ́lá ló jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, èmi jẹ búrẹ́dì.

Saint-Malo la parí rẹ̀ sí. Òkúta ni wọ́n fi mọ odi yí ìlú náà ká, èèyàn lè rìn lórí rẹ̀ yípo, kí ó máa wo òkun ní ọwọ́ kan, kó máa wo inú yàrá onílé ní ọwọ́ kejì. Ogun ti run púpọ̀ nínú ìlú náà nígbà kan, wọ́n sì tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwa náà ní odi nílé. Tiwa wó, a kọ́ ilé sórí rẹ̀, a ta ilẹ̀ tó kù. N kò bú ẹnikẹ́ni, mo kàn rò ó bí mo ṣe ń rìn ni.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí omi, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo nà án sí Bísọ́lá kó wa ọkọ̀ náà padà sí ilé Madame Yvette. Kò bá mi jiyàn. Òkè kan wà lọ́nà, iná ojú pópó sì mú wa dúró lórí rẹ̀. Iná di aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ wa kú. Ó tún un ṣe, a yí sẹ́yìn díẹ̀, ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn fun fèrè. Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀ lórí jíà.

“Má wo ẹ̀yìn. Onífèrè yẹn kò bímọ tó dà bí ìwọ. Gbọ́ ọkọ̀.”

Ó gbọ́ ọ. Ó tú klọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, imú ọkọ̀ gbéra, a gun òkè náà lọ. Àwọn iná ń bọ̀, wọ́n ń fọ́n ká lójú mi, èmi sì fẹ̀yìn ti àga. Ó fi dandan gba ibi ráńdábáòtù wa kọjá, ó ní kí n wò ó. Ó yí i po bó ṣe yẹ. Ojú táyà wa ṣì wà láàárín òdòdó, ó rí bí ìlà ojú.

A dá ọkọ̀ padà ní Paris, onítáì náà yí i po, ó lósòó, ó fa igi òdòdó kan jáde lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e wò, ó sọ ọ́ nù. Ó ní kò sí nǹkan kan. Bísọ́lá wò mí.

“Ó kan nǹkan,” ni mo wí. “Májẹ̀mú ni májẹ̀mú.”

Bísọ́lá gbé àpótí mi. A kò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí a fi gun ọkọ̀ òfurufú, títí a fi wọ Cheverly lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Garawa aládùúgbò wa wà létí títì, tuntun ni. Bísọ́lá wọlé níwájú mi, mo gbọ́ tó ń lu nǹkan mọ́ ògiri. Nígbà tí mo fi máa wọlé, ó ti kan ìṣó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ mi kọ́ ọ. Ó ní òun ti bá mi gba àyè lọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, ojú ọ̀tún ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Títí dìgbà náà, ọ̀sán tèmi, ìrọ̀lẹ́ tòun, bíi ti Saint-Malo.

Ohun tí mo rí kọ́ lójú ọ̀nà kò pọ̀: ẹ kí oníṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó bèèrè ọjà, ẹ bèèrè jíà kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ má sì bú iná ọlọ́kọ̀ kẹ́ ẹ tó wo ojú ara yín. Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún báyìí. Òsì ń bọ̀. Lánàá mo gbé ẹja lọ sí Seat Pleasant, mo fi èènì sí ti gbogbo wọn, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wálẹ̀ mo ti délé, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó fúnra mi. Ó wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń wò ó láti orí àga mi. Kò sí ẹni tó fi í pamọ́.